Kí Ni Tíṣà Yóò Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lójú mi ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mo sì rò pé kò yẹ kí n fi í pamọ́, nítorí pé ó kan èmi gan-an ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ.

A ti kírun Alásárì tán ní ọjọ́ náà, mo sì yà sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ta aṣọ ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín. Àwa bí mẹ́fà ni a jókòó, oníṣòwò sì ni gbogbo wọn àfi èmi nìkan. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ọdún 2027 ni ó wọ àárín wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ọjà bá dákẹ́. Ẹnìkan ní bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ń fẹ́ jáde láti lọ sí Ilé Aṣòfin ní Àkúrẹ́. Kí ó tó sọ ọ́ tán ni ẹlòmíràn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní: "Tíṣà kẹ̀? Kí ni tíṣà yóò fún wa?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé gbogbo wa ni mo wí. Èmi alfa tí mo wé láwàní, tí mo ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní àárọ̀ àti ní alẹ́, tí èmi pàápàá kò jẹ́ nǹkan mìíràn bí kò ṣe tíṣà, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà wá di egungun sí mi lọ́fun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ní Ọ̀wọ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn ti bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè rẹ̀ ní ìlú mìíràn, a lè ní wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ tí a wà yìí, tíṣà kan jáde láti inú rẹ̀, ohun tí ó fún wa sì wà lára èmi tí mo ń kọ ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Ọdún 1974 ni bàbá mi, tí òun náà jẹ́ alfa, fi mí sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé tí ó sún mọ́ wa jù jẹ́ ti àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Olùkọ́ tí ń kọ orúkọ bi mí léèrè, mo ní Ràímì ni orúkọ mi. Ó wò mí, ó kọ Raymond sílẹ̀, ó ní kí n lọ jókòó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ Raymond ní ilé ìwé tí mo sì ń jẹ́ Ràímì nílé, títí bàbá mi fi rí i lára ìwé mi, tí ó gbé fìlà rẹ̀, tí ó lọ bá wọn níbẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà, nítorí ohun tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ni ẹ mọ Músá tí ó di Moses àti Súlè tí ó di Solomon. Nítorí ìdí èyí, nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kéwú ni ó kù. Owó ilé ìwé gírámà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ wù ú.

Ọdún 1980 ni a wà yìí. Ìjọba tí ó wọlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1979 ti ní kí a má gba owó lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé gírámà mọ́. Bàbá mi ronú sí i títí, ó wá ní: "Bí wọn kò bá gba owó, lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀." Ọdún mẹ́ta ni mo fi lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ó tó mú mi lọ sí ilé kéwú ní Ìlọrin. Ọdún mẹ́ta náà ni mo fi mọ ìṣirò tí mo fi ń pín ogún fún àwọn ọmọ olóògbé nínú yín, òun náà ni mo fi ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Gómìnà tí ó ṣe èyí, tíṣà ni. Olóyè Adékúnlé Ajásin ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 28 oṣù November 1908. Ó kàwé olùkọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó lọ sí Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró ní 1943, ó gba oyè níbẹ̀, ó tún kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sí i. Ní oṣù September 1947 ni ó di ọ̀gá àgbà ní Imade College níhìn-ín. Ní 1954 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù January 1966. Ẹ gbọ́ o, ní gbogbo àkókò tí ó fi jẹ́ aṣòfin yìí kò fi ilé ìwé sílẹ̀. Nígbà tí ó kúrò ní Imade ní 1962, ó dá Owo High School sílẹ̀ ní 1963, ó sì ń darí rẹ̀ títí di 1975. Nígbà tí ó di gómìnà ní 1979, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti fi ẹ̀yìn ti iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó di aṣòfin rárá. Ní Ọ̀wọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti jáde sí gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù April 1951. Tíṣà Ajásin ni ó kọ ìwé tí ẹgbẹ́ náà fi gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, tíṣà mìíràn ni wọ́n fi ṣe mínísítà ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó di aṣòfin. Ọjọ́ 17 oṣù January 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn kò ju bí 457,000 lọ. Ní 1955 wọ́n lé ní 811,000. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún iye yẹn kà. Ọmọ ta ni àwọn tí ó lé sí i yẹn? Ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ alátẹ ni, ọmọ àwọn ìyá tí ń ru iṣu láti Ìfọ́n àti Ìdóàní wá sí ọjà ni.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí. Yóò ní Ajásin kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń lọ. Òtítọ́ ni. Yóò ní àwọn ilé ìwé tí ètò yẹn kún fọ́fọ́, ti ìjọ onígbàgbọ́ ni ó pọ̀ nínú wọn, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ Ràímì di Raymond. Òtítọ́ ni èyí náà, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun Badri. Nínú àwọn ará Mẹ́kà tí wọ́n mú lẹ́rú, àwọn kan kò ní owó tí wọn yóò fi ra ara wọn padà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀wé. Ìtàn sọ fún wa pé ohun tí Ànábì bèèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Mẹ̀dínà ní kíkọ àti kíkà, kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀. Abọ̀rìṣà ni àwọn olùkọ́ yẹn, wọ́n sì ti gbé idà sí àwọn Mùsùlùmí ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. A gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò sì pa orúkọ ọmọ kankan dà, èmi kò lè ṣe kí n má fi ìyẹn kún un.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo rántí gbogbo èyí ni mo wá bi ara mi pé, kí ni ó wà nínú ọkàn wa gan-an nígbà tí a ń bèèrè pé kí ni tíṣà yóò fún wa? Ọ̀rọ̀ ìlú ni pé ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Àwàdà tí a ń fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí ebi tí ń pa á ni. Nígbà tí tíṣà náà bá wá jáde pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlú, a ó ní kò ní owó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní owó, tí a kò mọ ibi tí ó ti rí i, a kò bi í léèrè nǹkan kan, a ó kàn ní kí ó sún wá iwájú níbi sááfù.

Ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ tí a ń rán ènìyàn ná. Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àga 26. Ọ̀wọ̀ ní méjì nínú rẹ̀, Ọ̀sẹ́ ní ẹyọ kan péré. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹnu wa níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣe òfin, kí wọ́n yẹ ìwé ìnáwó tí gómìnà bá gbé wá wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì pe ẹni tí ó ná owó láti wá ṣàlàyé. Àwọn ni wọ́n tún ń ṣe òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bá rìn, ẹ̀yin ará ọjà, títí kan owó ìsọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún yín ní òwúrọ̀. Kànga kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò sí nínú rẹ̀. Àgbò iléyá kò sí nínú rẹ̀. Aṣòfin tí ó gbẹ́ kànga tí kò la ẹnu nígbà tí wọ́n ń ka ìwé ìnáwó, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ó ṣe, ó sì fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òfin jẹ́ ohun orí ìwé lásán, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀sẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù November 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n lójú ọ̀nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka nígbà tí kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Àwọn tí ń ko ẹrù láti oko wá sí ọjà Ọ̀wọ̀ mọ bí ọkàn wọn ti ń rí títí di òní bí mọ́tò bá fẹ́ kọjá níbẹ̀. Òfin tí ó dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, Ilé Aṣòfin ni ó ṣe é ní oṣù March 2020. Òfin tí ó ní kí a má da ẹran jẹ oko olóko mọ́, inú ilé kan náà ni ó ti jáde, gómìnà sì fọwọ́ sí i ní ìparí oṣù August 2021. Bóyá òfin wọ̀nyí tó tàbí wọn kò tó, bóyá wọ́n ń mú un ṣẹ tàbí wọn kò mú un ṣẹ, ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a ń rán ènìyàn lọ sọ. Ta ni a fẹ́ kí ó lọ sọ ọ́, ẹni tí ó lè kàwé kí ó sì bèèrè ìbéèrè, tàbí ẹni tí ó lè ná owó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni mo fẹ́ dé yìí. Ìgbà kan wà, aṣòfin kan tí n kò ní dárúkọ wá sí mọ́ṣáláṣí wa. Ó fa àgbò kalẹ̀, ó sì fún èmi ní àpò ìwé kan ní kọ̀rọ̀. Mo gbà á. Mo dìde, mo sì ṣe àdúà fún un tí ó gùn ju kúútúbà ọjọ́ náà lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni atẹ́gùn ká òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí náà, àwọn ọmọ sì ń kàwé lábẹ́ igi. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí n bi aṣòfin náà nípa òrùlé yẹn. Àgbò ni mo bi í léèrè ní ọdún kejì, nígbà tí kò tètè dé.

Láìpẹ́ yìí mo jókòó, mo sì kọ gbogbo ohun tí ìjọ wa máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà ní ipò sílẹ̀: owó ìsọmọlórúkọ, owó nìkáà, owó jánásà, ẹní mọ́ṣáláṣí, epo jẹnẹrétọ̀, ìrẹsì ààwẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn tí ń lọ wáàsí, owó ilé ìwòsàn, owó ilé ìwé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bẹ láàyè tí kò ṣàìsàn. Ojú ìwé méjì kún. Ẹ̀yin ará mi, ta ni ó lè san èyí láti inú owó oṣù rẹ̀? Kò sí. Bí tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ó ń gbé lórí owó ìfẹ̀yìntì, bá wọ ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni a fi sílẹ̀ fún un: kí ó jalè, tàbí kí ó sá fún wa. Bí ó bá jalè, a ó ní ayé ti bàjẹ́. Bí ó bá sá fún wa, a ó ní ahun ni. A kò ní ránti pé àwa ni a jókòó tì í bí ẹni jókòó ti abọ́ àsè.

Àwọn aṣáájú wa nínú ẹ̀sìn mọ̀ pé ebi lè ba ìránṣẹ́ ìlú jẹ́. Oníṣòwò aṣọ ni Ábúbákárì, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i. Ìtàn sọ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n fi í jẹ olórí, ó gbé aṣọ rẹ̀ lé èjìká, ó ń lọ sí ọjà. Úmárù pàdé rẹ̀, ó bi í pé níbo ni ó ń lọ, ó ní bí òun kò bá tà, kí ni àwọn ọmọ òun yóò jẹ? Ìgbà náà ni wọ́n gé owó tí yóò tó o fún un láti inú àpò ìlú, kí ó má baà jẹ́ pé ọjà ni yóò gba àkókò rẹ̀. Nígbà tí ó ń kú lọ, ó ní kí wọ́n dá ohun tí òun gbà padà láti inú ohun ìní òun. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹlẹgbẹ́ yín ni ọkùnrin yìí. Ẹ ò sì gbọ́ nínú ìtàn rẹ̀ níbikíbi pé àwọn ará Mẹ̀dínà ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti gba owó ìsọmọlórúkọ.

Ajásin náà wà láàárín wa. Ohun tí àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ ń wí nípa rẹ̀ títí di òní ni pé ìjọba kò sọ ọ́ di olówó. Nígbà tí àwọn ológun dé ní ọjọ́ 31 oṣù December 1983, wọ́n tì í mọ́lé bí wọ́n ti ti àwọn gómìnà yòókù mọ́lé, wọ́n tú ìwé rẹ̀ wò, ilé ẹjọ́ tí àwọn fúnra wọn gbé kalẹ̀ sì dá a láre. Ní ọjọ́ 3 oṣù October 1997 ni ó kú. Mo mọ̀ pé àwọn kan bínú sí i nígbà ayé rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ le. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé wa pàápàá. Nísinsìnyí tí mo ti di àgbà, mo mọ̀ pé bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá le ni, owó ilé ìwé mi ni ì bá ti bá àpò ìwé lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ tíṣà di málékà. Tíṣà ní àléébù tirẹ̀, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó fi ọdún 35 dúró níwájú àwọn ọmọdé tí kò lè dá a lóhùn, ó lè ti gbàgbé bí a ti ń jiyàn pẹ̀lú àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn a rò pé bí òun bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àwọn yòókù tí yóò bá níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò kúnlẹ̀ fún pàṣán rẹ̀. Ẹlòmíràn tún wà tí ó ti rẹ̀, tí ó ń wá ibi tí yóò ti sinmi, tí ó rò pé àga Ilé Aṣòfin dára fún ìyẹn. Òfin wa kò tilẹ̀ gba òṣìṣẹ́ ìjọba láàyè láti dìje àfi bí ó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Nítorí náà, tíṣà ìjọba kò lè ṣe bí Ajásin ti ṣe kí ó máa ṣe méjèèjì pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì ni yóò tó wá. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó rán an.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò gbọdọ̀ rò pé ti àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni iṣẹ́ yìí. Abúbákárì Táfáwá Bàléwà, Mùsùlùmí gidi, tíṣà ni ní Bauchi, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Ilé Aṣòfin Àríwá ní 1947, ó sì di olórí ìjọba Nàìjíríà ní 1957. Sardauna Ahmadu Bello náà ti kọ́ ọmọ ní Sókótó. Malam Aminu Kano náà ti kọ́ ọmọ ní Bauchi kan náà. Ẹ̀ka ìmọ̀ olùkọ́ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí Ajásin lọ, ni Bàléwà àti Aminu Kano lọ pẹ̀lú.

Ẹnìkan nínú ìjọ wa ti ní kí ni a ń yẹ̀ wò, ṣebí Mùsùlùmí ni bàbá náà, kí a dìbò fún un nítorí ìyẹn, ó tán. Mo ní rárá. Ní ọjọ́ Àìkú 5 oṣù June 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ yìí, ènìyàn bí 40 ni wọ́n pa, títí kan ọmọ kéékèèké. Ní Ọ̀wọ̀, inú ilé kan náà ni Ràímì àti Raymond ti ń jẹun, èyí kì í ṣe àfiwé. Ẹni tí a bá rán ní orúkọ ìjọ kan ṣoṣo, báwo ni yóò ti dìde sọ̀rọ̀ fún ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà? Bí bàbá yìí bá yẹ, kí ó yẹ lójú wọn pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ kéwú mi tí ó mọ hádíìsì yóò bi mí pé, ṣé Ànábì kò ha sọ pé a kì í fi ipò fún ẹni tí ń bèèrè rẹ̀? Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì Yúsúfù bèèrè ní Íjíbítì pé kí ọba fi òun ṣe olórí ilé ìṣúra, nítorí ó mọ̀ pé ìyàn ń bọ̀, òun sì mọ bí a ti ń ka ọkà àti bí a ti ń pa á mọ́. Ó sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ní kí wọ́n fún òun nítorí pé ó ti tó àkókò òun. Bí mo ti rò ó nìyẹn: ẹni tí ó bá bèèrè, a ó bi í pé kí ni o mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ wa. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti àpò ìwé yẹn. Àwọn kan wo ilẹ̀. Mo wá ní Úmárù a máa kọ ohun ìní àwọn gómìnà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá rán wọn níṣẹ́, kí ó lè fi wé e nígbà tí wọ́n bá dé, òfin Nàìjíríà náà sì ní kí olóṣèlú tí ó bá wọlé kéde ohun ìní rẹ̀ nígbà tí ó bá wọlé àti nígbà tí ó bá ń jáde. Mo ní kí àwa náà máa bèèrè rẹ̀ ní gbangba kí a tó dìbò. Mo sì ní láti ọjọ́ náà lọ, mọ́ṣáláṣí wa kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ipò tàbí ẹni tí ń wá a. Ariwo ta. Alàgbà kan bèèrè pé ta ni yóò wá ra epo jẹnẹrétọ̀. A dá àpótí kan sílẹ̀ nítorí epo náà. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, ohun tí a bá nínú rẹ̀ kò tó epo ọ̀sẹ̀ kan. Ní ẹ̀kẹta, ó tó. A kò ní àgbò ìjọ ní iléyá tí ó kọjá, ẹni tí ó ní tirẹ̀ bù fún ẹni tí kò ní, a sì jẹun.

Ọ̀rẹ́ wa tí ó bèèrè pé kí ni tíṣà yóò fún wa tún wá bá mi. Ó ní: "Alfa, bí a kò bá ní gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni kí a wá bi í?" Mo ní kí ó jókòó kí a jọ kọ ọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ dá a: owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, níbo ni ó ń lọ? Èmi fi òrùlé ilé ìwé kún un. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà nídìí ìsọ̀ ní kí a bèèrè ohun tí bàbá náà yóò sọ nípa ọ̀nà Ìfọ́n, àti bí yóò ti ṣe é tí a ó fi máa gbọ́ pé ó sọ ọ́. Wọ́n di méje kí ilẹ̀ tó ṣú. A lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá.

Bàbá tíṣà ti kà wọ́n. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó ní ìbéèrè kẹrin ní àṣìṣe nínú bí a ti kọ ọ́, ó sì bá wa tún un ṣe. Ó ní kí a fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì kí òun lè kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé.